Louis Bachelier

Louis Jean-Baptiste Alphonse Bachelier (11 Oṣù Kẹta 1870 – 28 Oṣù Kẹrin 1946) jẹ́ onímọ̀ ìṣirò ọmọ orílẹ̀-èdè Fránsì. Òun ni àwọn onímọ̀ gbà gẹ́gẹ́ bí baba ìmọ̀ ìṣirò ìṣúná, èyíinì ni ẹ̀ka ìṣirò tó ń lo òfin ìṣeéṣe láti ṣàlàyé bí iye owó ọjà ṣe ń lọ sókè sódò, láti díye lé àdéhùn òwò, àti láti wọn ewu tó wà nínú ìdókòwò. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Párís ní ọdún 1900, tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Théorie de la spéculation, dá lórí òwò ọjà ṣíà, èyí tí àwọn olùkọ́ ìṣirò ìgbà náà kò kà sí ohun tó yẹ kí ọ̀mọ̀wé fi àkókò rẹ̀ ṣe.

Nígbà ayé Bachelier, ìwọ̀nba ènìyàn ló mọ iyì iṣẹ́ yìí. Ó ti pé ọmọ ọdún 57 kó tó rí ipò ọ̀jọ̀gbọ́n tó dúró ṣinṣin. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní Amẹ́ríkà tún ṣàwárí iṣẹ́ náà, tí ó sì di ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì àti oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò ìṣúná ń kọ́ káàkiri àgbáyé lónìí.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

A bí Bachelier ní Le Havre, ìlú èbúté ńlá kan létí òkun ní àríwá Fránsì. Oníṣòwò wáìnì ni Alphonse Bachelier, bàbá rẹ̀, ó sì tún jẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè Venezuela ní ìlú náà. Yàtọ̀ sí òwò, bàbá yìí fẹ́ràn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ìyá rẹ̀, Cécile Fort-Meu, wá láti ìdílé onílé-ìfowópamọ́. Nítorí náà, inú ilé tí a ti ń sọ̀rọ̀ ọjà, gbèsè, èlé àti ìwé ni ọmọ náà gbé dàgbà.

Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ìlú Caen, ó sì yege nínú ìdánwò àṣejáde ní ọdún 1888. Ọ̀nà tí ọmọ tó mọ ìṣirò máa ń tọ̀ ní Fránsì nígbà náà hàn kedere: yóò fi ọdún kan tàbí méjì múra sílẹ̀, yóò sì ṣe ìdánwò ìwọlé sí ọ̀kan nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ńlá Párís, bíi École Polytechnique tàbí École Normale Supérieure. Ibẹ̀ ni àwọn tí yóò di ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń mọ ara wọn, tí wọ́n sì ń mọ àwọn olùkọ́ tí yóò ràn wọ́n lọ́wọ́ lọ́jọ́ iwájú.

Ọ̀nà yìí dí mọ́ Bachelier. Ní ọdún 1889, bàbá rẹ̀ kú, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ìyá rẹ̀ náà tún papòdà. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Ó ní arábìnrin kan, ó sì ní àbúrò ọkùnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi ìwé sílẹ̀, ó gba òwò wáìnì bàbá rẹ̀, ó sì di olórí ilé. Lẹ́yìn èyí ni ó tún lọ ṣe iṣẹ́ ológun tó jẹ́ dandan fún àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Fránsì. Ní ọdún 1889 kan náà, Émile Borel, tó kéré sí i ní ọdún kan tó sì di ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ìmọ̀ ìṣeéṣe, wọ École Normale Supérieure. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ipa ọ̀nà àwọn méjèèjì tẹ̀ lé Bachelier títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ní Párís

Ní ọdún 1892, Bachelier dé Párís láti kàwé ní Sorbonne. Ó ti lé ní ọmọ ọdún 22, ó sì ti pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Lára àwọn olùkọ́ rẹ̀ ni Paul Appell, Joseph Boussinesq àti Henri Poincaré, tí a kà sí ọ̀kan lára àwọn onímọ̀ ìṣirò tó lókìkí jù lọ ní àgbáyé nígbà náà. Ó gba oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ ìṣirò ní ọdún 1895, ó sì yege nínú ẹ̀kọ́ físíìsì oníṣirò ní ọdún 1897. Àmì tó gbà nínú àwọn ìdánwò wọ̀nyí kò fi bẹ́ẹ̀ ga, kò sì sí ohun tó fi hàn pé yóò tayọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ méjì tó gbà ní Sorbonne ló wúlò fún un jù. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀kọ́ nípa bí ooru ṣe ń tàn kálẹ̀ nínú ohun líle, èyí tí Joseph Fourier ti fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1822. Ìkejì ni ẹ̀kọ́ ìṣeéṣe, tí Poincaré ń kọ́ni. Ohun tí Bachelier fi kún méjèèjì ni ìmọ̀ tó ní nípa ọjà ṣíà Párís. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń tà níbẹ̀, ó mọ orúkọ àdéhùn kọ̀ọ̀kan, ó sì mọ iye tí wọ́n ń dá lé e.

Ọjà ṣíà Párís

Ohun tó gbajúmọ̀ jù ní ọjà náà ni ìwé ẹ̀yáwó ìjọba ilẹ̀ Fránsì. Ìjọba ti yá owó lọ́wọ́ ará ìlú, kò sì dá ọjọ́ tí yóò san ojú owó náà padà. Èlé nìkan ló ń san lọ́dọọdún, bíi fráǹkì 3 lórí ìwé tí iye orí rẹ̀ jẹ́ fráǹkì 100. Ẹni tó bá ń fẹ́ owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ ta ìwé náà fún ẹlòmíràn ní ọjà. Iye tí yóò rí gbà lè ju 100 lọ, ó sì lè dín sí i, gẹ́gẹ́ bí ìròyìn ogun, ìdìbò àti ìṣòwò bá ṣe rí lọ́jọ́ náà.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé wọ̀nyí ni àdéhùn ọjọ́ iwájú wà. Nínú oríṣi kan, ẹni méjì yóò fẹnu kò lónìí lórí iye tí wọn yóò fi ra ìwé náà lópin oṣù, àdéhùn náà yóò sì de àwọn méjèèjì. Nínú oríṣi kejì, ẹni tó fẹ́ rà yóò san owó kékeré kan fún ẹ̀tọ́ láti rà. Bí ọjà bá rí bó ṣe fẹ́, yóò lo ẹ̀tọ́ rẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, yóò fi owó kékeré náà sílẹ̀, yóò sì máa lọ.

Irú àdéhùn kejì yìí ṣeé fi ọjà ilẹ̀ Yorùbá ṣàpèjúwe. Ká ní ní Igbótako, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ lágbègbè Òkìtìpupa ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, alárobọ̀ kan bá ẹni tó ń ṣe epo pupa sọ̀rọ̀ lóṣù Kẹrin, nígbà tí epo pọ̀ lọ́jà. Ó ní òun fẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti ra kẹ́ẹ̀gì epo kan ní náírà 30,000 lóṣù Kẹsàn-án, ó sì san náírà 2,000 tí kò ní gbà padà fún ẹ̀tọ́ náà. Bí kẹ́ẹ̀gì epo bá ti di náírà 38,000 lóṣù Kẹsàn-án, yóò rà á ní 30,000, yóò sì jèrè náírà 6,000 lẹ́yìn tí a bá yọ 2,000 tó kọ́kọ́ san. Bí epo bá wálẹ̀ sí 25,000, kò sí ẹni tó lè fi dandan mú un pé kó rà. Náírà 2,000 nìkan ló pàdánù. Ohun tó ṣòro ni láti mọ̀ bóyá 2,000 náà tó tàbí ó pọ̀ jù, nígbà tí ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà kò mọ iye tí epo yóò jẹ́ lóṣù Kẹsàn-án. Ìbéèrè yìí gan-an ni Bachelier gbé wọ inú ìmọ̀ ìṣirò.

Àpilẹ̀kọ ọdún 1900

Àwọn Yorùbá mọ̀ pé bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, èyí ló sì mú kí babaláwo máa difá ọrọọrún. Bachelier náà kò sọ pé òun lè mọ iye tí ọjà yóò jẹ́ lọ́la. Ohun tó ṣe ni pé ó wọn bí àìmọ̀ náà ṣe pọ̀ tó, ó sì fi nọ́ńbà sí i. Ẹ̀rí ọkàn àpilẹ̀kọ rẹ̀ wà nínú èrò mẹ́ta.

Èrò kìíní ni pé kò sí olùrà tí kò ní olùtà. Ẹni tó ń rà gbà pé ọjà yóò gbówó lórí, ẹni tó ń tà sì gbà pé yóò wálẹ̀; síbẹ̀, àwọn méjèèjì fẹnu kò lórí iye kan náà. Nítorí náà, bí a bá wo ọjà lápapọ̀, kò retí pé iye yóò gòkè, bẹ́ẹ̀ ni kò retí pé yóò wálẹ̀. Bachelier sọ ọ́ di òfin ìṣirò pé èrè tí oníṣòwò lè fojú sọ́nà fún nínú irú òwò bẹ́ẹ̀, bí a bá pín in ní dọ́gba-dọ́gba lórí gbogbo ohun tó lè ṣẹlẹ̀, jẹ́ òdo.

Èrò kejì ni pé ìgbésẹ̀ tí ọjà gbé lónìí kò sinmi lórí èyí tó gbé lánàá. Ìrìn rẹ̀ dà bí ìrìn ọ̀mùtí: bó bá ti gbé ẹsẹ̀ kan sọ́tùn-ún, kò sí ohun tó ní kí ó má tún gbé èkejì sọ́tùn-ún tàbí kí ó yà sósì.

Èrò kẹta ni èso àwọn méjì àkọ́kọ́. Bí àkókò bá ṣe ń gùn sí i ni àyè tí iye ọjà lè rìn dé ń gbòòrò sí i, ṣùgbọ́n kì í gbòòrò ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú àkókò. Ìpìlẹ̀ onímejì àkókò ló ń tẹ̀ lé, ìyẹn nọ́ńbà tí a óò fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ kó tó fún wa ní iye àkókò náà. Bí iye ọjà kan bá sábà máa ń fi náírà 10 yẹ̀ lọ́jọ́ kan, yóò fi nǹkan bí 20 yẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́rin, àti nǹkan bí 100 ní ọgọ́rùn-ún ọjọ́, kì í ṣe 1,000.

Nígbà tó kọ èrò wọ̀nyí sílẹ̀ ní èdè ìṣirò, Bachelier rí ohun kan tó ya àwọn olùkọ́ rẹ̀ lẹ́nu. Ọ̀nà tí ìṣeéṣe iye ọjà fi ń tàn kálẹ̀ bá ọ̀nà tí ooru fi ń tàn kálẹ̀ nínú irin mu pátápátá. Bí a bá ki orí ọ̀pá irin kan bọ iná, ooru á máa rìn díẹ̀díẹ̀ láti ibi tó gbóná lọ sí ibi tó tutù, gẹ́gẹ́ bí òfin Fourier ti wí. Òfin kan náà ló ń darí ìṣeéṣe. Iye ọjà tí a mọ̀ dájú lónìí dà bí ojú kan ṣoṣo tó gbóná. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ìdánilójú náà á tàn ká, á sì fẹ́lẹ́.

Láti inú òfin yìí ni ó ti fa ọ̀nà tí a fi ń díye lé àdéhùn ẹ̀tọ́ ìrà jáde. Ó sì fi ìṣirò rẹ̀ wé iye tí wọ́n ń tà ní tòótọ́ ní ọjà Párís láàárín ọdún 1894 sí 1898. Àwọn méjèèjì sún mọ́ra gan-an.

Ìṣirò kan náà yìí ló tún ṣàlàyé ìrìn Brown, èyíinì ni bí àwọn èérún kéékèèké tí a lè fi ẹ̀rọ amúǹkantóbi wò nínú omi ṣe ń ta kìjikìji láìdúró. Onímọ̀ ewéko Robert Brown ló kíyè sí i ní ọdún 1827. Albert Einstein, tí kò mọ̀ nípa iṣẹ́ Bachelier, ṣe ìṣirò rẹ̀ ní ọdún 1905, ìyẹn ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ Párís náà ti ṣe é fún ọjà ṣíà.

Ìdánwò oyè ọ̀mọ̀wé

Bachelier gbèjà àpilẹ̀kọ rẹ̀ ní 29 Oṣù Kẹta 1900, níwájú Appell, Poincaré àti Boussinesq. Gẹ́gẹ́ bí àṣà ìgbà náà, wọ́n tún bi í léèrè lórí kókó kejì, tó jẹ́ ìmọ̀ nípa ìrìn ohun olómi, ó sì dáhùn dáadáa.

Ìtàn kan tó tàn kálẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà sọ pé Poincaré fojú tẹ́ńbẹ́lú àpilẹ̀kọ náà. Ìròyìn ìdánwò tí Poincaré fúnra rẹ̀ kọ kò fi èyí hàn. Lóòótọ́, ó ṣàkíyèsí pé kókó tí akẹ́kọ̀ọ́ náà yàn jìnnà sí irú èyí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń mú wá. Ṣùgbọ́n ó yìn ín fún ọgbọ́n àtinúdá rẹ̀, ó sì fẹ́ kí ó tún ṣe àlàyé síwájú sí i lórí ìbátan tó rí láàárín ìṣeéṣe àti ooru. Àpilẹ̀kọ náà jáde lọ́dún yẹn kan náà nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ tí École Normale Supérieure ń tẹ̀, èyí tí kì í ṣe ibi tí iṣẹ́ yẹpẹrẹ ti ń jáde.

Síbẹ̀, ipò tí wọ́n fún un ni èyí tó tẹ̀ lé ti òkè pátápátá. Ẹni tó bá fẹ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Fránsì nílò ipò tó ga jù lọ. Nípa báyìí, Bachelier di ọ̀mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò rí iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé ṣe.

Ìkọ́ni láìsí ipò, àti ogun

Ó ń bá ìwádìí lọ. Ní ọdún 1906, ó tẹ iṣẹ́ pàtàkì kan jáde lórí ìṣeéṣe tó ń yí padà láìdáwọ́ dúró bí àkókò ṣe ń lọ. Láti ọdún 1909, Sorbonne gbà á láyè láti máa kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìṣeéṣe àti ìlò rẹ̀ nínú òwò, ṣùgbọ́n kì í ṣe òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù. Ní ọdún 1912, ó gbé ìwé ńlá kan jáde tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Calcul des probabilités. Ní ọdún 1914, ó kọ èyí tó rọrùn fún gbogbo ènìyàn láti kà, Le Jeu, la Chance et le Hasard, lórí tẹ́tẹ́, oríire àti àbádé. Ìwé kejì yìí tà gan-an.

Lọ́dún yẹn kan náà, ìgbìmọ̀ Yunifásítì Párís fọwọ́ sí i pé kí wọ́n wá ọ̀nà láti sọ iṣẹ́ rẹ̀ di èyí tó dúró ṣinṣin. Ọ̀nà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là fún un ni Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n kó Bachelier, ẹni ọdún 44, sí iṣẹ́ ológun, kò sì kúrò níbẹ̀ títí di òpin ọdún 1918. Nígbà tó padà dé, kò sí ẹni tó tún mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ipò náà mọ́.

Láti ọdún 1919 ni ó ti ń lọ láti yunifásítì kan sí òmíràn ní ìgbèríko Fránsì, tó ń dúró fún àwọn olùkọ́ tí kò sí lórí ìjókòó. Ó wà ní Besançon láti 1919 sí 1922, ní Dijon láti 1922 sí 1925, lẹ́yìn náà ó lọ sí Rennes. Ó gbéyàwó ní ọdún 1920, ó fẹ́ Augustine Jeanne Maillot, ṣùgbọ́n ìyàwó náà kò pẹ́ kú.

Ọ̀ràn Dijon

Ní ọdún 1926, àyè ọ̀jọ̀gbọ́n ṣí sílẹ̀ ní Dijon, níbi tí Bachelier ti kọ́ni fún ọdún mẹ́ta. Ó béèrè fún un. Maurice Gevrey, ọ̀jọ̀gbọ́n kan níbẹ̀, kò fara mọ́ ọn. Gevrey mú ibì kan jáde nínú ọ̀kan lára àwọn iṣẹ́ tí Bachelier ti tẹ̀ ṣáájú ogun, ó fi ránṣẹ́ sí Paul Lévy, ọ̀jọ̀gbọ́n ní École Polytechnique tí orúkọ rẹ̀ ń ròkè nínú ìmọ̀ ìṣeéṣe, ó sì béèrè èrò rẹ̀. Lévy dáhùn pé àṣìṣe wà níbẹ̀.

Bí a bá ka ojú ìwé kan náà nìkan, ó lè dà bí ẹni pé àṣìṣe wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Bachelier ti ṣàlàyé nínú àwọn iṣẹ́ rẹ̀ ìṣáájú ohun tó gbé ìṣirò náà lé lórí, kò sì tún un sọ. Lévy kò ka àwọn iṣẹ́ ìṣáájú náà. Èrò rẹ̀ ni wọ́n fi dájọ́, ẹlòmíràn sì ni wọ́n fi sí ipò náà.

Ọ̀ràn yìí dun Bachelier wọ akínyẹmí ara. Ó kọ lẹ́tà gígùn, ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ ìṣirò, níbi tó ti ṣàlàyé ara rẹ̀ tó sì fi ẹ̀sùn kan Lévy pé ó dájọ́ iṣẹ́ tí kò kà. Lẹ́tà náà kò yí ìpinnu Dijon padà. Ní ọdún 1927, wọ́n fi í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní Besançon. Ibẹ̀ ló wà títí tó fi fẹ̀yìn tì ní ọdún 1937.

Ìparí ìjà náà yàtọ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1931, Andrei Kolmogorov, onímọ̀ ìṣirò ará Rọ́ṣíà, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde tó fi ìpìlẹ̀ tó lágbára sábẹ́ ìmọ̀ nípa àwọn ìṣeéṣe tó ń yí padà pẹ̀lú àkókò. Ó dárúkọ Bachelier nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aṣáájú. Lévy kà á, ó padà sí àwọn iṣẹ́ Bachelier tí kò kà ní ọdún 1926, ó sì rí i pé ọkùnrin náà ti ṣe ọ̀pọ̀ ohun tí òun àti àwọn ẹlòmíràn rò pé àwọn ló kọ́kọ́ ṣe. Ó kọ̀wé tọrọ àforíjì, àwọn méjèèjì sì parí ìjà.

Ìgbà ogbó àti ikú

Ìfẹ̀yìntì kò dá ọwọ́ Bachelier dúró. Ní 1937, 1938 àti 1939, ó tẹ ìwé mẹ́ta jáde. Ti ọdún 1938 padà sí kókó tó fi bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà èwe rẹ̀, ìyẹn òwò ọjà ṣíà àti ìṣeéṣe. Ó kú ní 28 Oṣù Kẹrin 1946 ní Saint-Servan-sur-Mer, ìlú etí òkun ní ìwọ̀-oòrùn Fránsì, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 76. Ní Sanvic, nítòsí Le Havre tí wọ́n ti bí i, ni wọ́n sin ín sí. Àwọn onímọ̀ ìṣirò mọ orúkọ rẹ̀ díẹ̀ nítorí Kolmogorov. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé kò mọ̀ ọ́n rárá.

Bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe padà wá sí ojútáyé

Ní àárín ọdún 1950 sí 1959, Leonard Jimmie Savage, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, bá ìwé ọdún 1914 tí Bachelier kọ pàdé ní ilé-ìkówèésí. Ó fi káàdì ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan láti béèrè bóyá ẹnikẹ́ni mọ òǹkọ̀wé náà. Paul Samuelson, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní MIT, wà lára àwọn tó gba káàdì. Ó wá àpilẹ̀kọ ọdún 1900 rí, ó sì pín ìròyìn rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1964, Paul Cootner tẹ ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì sínú ìwé kan tó kó jọ lórí ìrìn iye ọjà ṣíà.

Samuelson tún àléébù kan ṣe. Nínú ìṣirò Bachelier, iye ọjà lè lọ sílẹ̀ títí yóò fi kéré sí òdo, èyí tí kò lè ṣẹlẹ̀ sí ṣíà, nítorí ẹni tó ra ṣíà kò lè pàdánù ju owó tó fi rà á lọ. Samuelson lo ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tí iye náà fi yí padà dípò iye náà gan-an. Lórí ìpìlẹ̀ yìí ni Fischer Black, Myron Scholes àti Robert Merton gbé òfin tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1973 kà, èyí tó ń sọ iye tó yẹ kí ẹ̀tọ́ ìrà jẹ́. Ní ọdún 1973 kan náà ni ọjà tí a yà sọ́tọ̀ fún irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ṣí ní Chicago. Scholes àti Merton gba Ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní ọdún 1997. Black ti kú ní ọdún 1995.

Ní ọdún 1996, àwọn onímọ̀ ìṣirò ìṣúná dá ẹgbẹ́ àgbáyé kan sílẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Bachelier Finance Society. Párís ni wọ́n ti ṣe àpérò àgbáyé àkọ́kọ́ wọn ní ọdún 2000, láti fi ṣàjọyọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí a gbèjà àpilẹ̀kọ náà.

Ìbátan iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú Nàìjíríà

Àkókò tí iṣẹ́ Bachelier tún jí dìde ni àwọn ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ ń gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìṣirò. Chike Obi gba tirẹ̀ ní Cambridge ní ọdún 1950, Adegoke Olubummo, ọmọ Ọ̀rìn-Èkìtì, sì gba tirẹ̀ ní Yunifásítì Durham ní ọdún 1955. Wọ́n dá ọjà ṣíà Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1960, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1961. Ní ọdún 1977 ló di ọjà ṣíà gbogbo Nàìjíríà. Ní Oṣù Kẹrin 2022, ọjà náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta àdéhùn ọjọ́ iwájú lórí àkójọ iye ṣíà, èyí tó jẹ́ ìbátan àdéhùn tí Bachelier rí ní Párís.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń ṣe oyè kejì nínú ìṣirò ìṣúná lónìí, níbikíbi tó bá wà, yóò kọ́ ìmọ̀ ìṣeéṣe bí Kolmogorov ṣe tò ó, yóò kọ́ ìrìn Brown, yóò sì kọ́ irú ìṣirò tí Kiyosi Itô ará Japan bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1944, kó tó dé orí òfin Black àti Scholes. Orúkọ Bachelier ló sábà máa ń wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà. Wọ́n yóò sì tún kọ́ ọ nípa ibi tí èrò rẹ̀ kù sí, nítorí ọjà máa ń já lulẹ̀ lójijì ju bí ìṣirò rẹ̀ ṣe rò lọ, ìgbésẹ̀ òní sì lè ní ìbátan pẹ̀lú ti àná nígbà tí ẹ̀rù bá ń ba àwọn oníṣòwò.

Àwọn ìwé pàtàkì rẹ̀

Théorie de la spéculation (1900), àpilẹ̀kọ fún oyè ọ̀mọ̀wé.
Calcul des probabilités (1912).
Le Jeu, la Chance et le Hasard (1914).
Les lois des grands nombres du calcul des probabilités (1937).
La spéculation et le calcul des probabilités (1938).
Les nouvelles méthodes du calcul des probabilités (1939).